Imú Tí Àrùn Jẹ Ṣe É Tún Ṣe



Nínú hádíìsì tí Abu Dáwúùdù àti Tirmídhì gbà wá, ìtàn sàhábé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Arfaja ọmọ As'ad. Kí Ìsìláàmù tó dé ni wọ́n ti gé imú rẹ̀ lójú ogun kan tí wọ́n ń pè ní ogun Kuláábù. Ó fi fàdákà rọ imú mìíràn, ó gbé e sójú, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, fàdákà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i lára. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wá pa á láṣẹ fún un pé kó fi wúrà rọ òmíràn. Gbogbo wa la mọ̀ pé wúrà kò tọ́ sí ọkùnrin Mùsùlùmí láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, Ànábì kò ní kí Arfaja máa fi aṣọ bo ojú kiri, kò sì ní kó jókòó sílé nítorí pé kádàrá rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó máa gbà á lọ́wọ́ òórùn àti ìtìjú ló júwe fún un.

Ìdí tí a fi mú ìtàn yìí ṣáájú ni ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa nígbà tí àrùn bá jẹ ẹnì kan nímú. Ọ̀kan á ní ọwọ́ ayé ni. Òmíràn á ní Ọlọ́hun ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá gbà kí dókítà fi abẹ tún ojú òun ṣe, ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun ló ń yí padà. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló ń dùn wá jù, torí pé ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀, ó sì lè mú kí òbí fi ọmọ pamọ́ sí yàrá títí ọmọ á fi dàgbà, láìlọ ilé kéú, láìlọ ilé ìwé, láìní ọ̀rẹ́ kankan.

Lóòótọ́, Kùránì Alápọ̀nlé kìlọ̀ nínú Súúrà An-Nisáì nípa Ṣàítánì tó ń fẹ́ kí èèyàn máa yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Hádíìsì tún wà tó bá àwọn tó ń fi ayùn la eyín wọn wí, nítorí àtirẹwà. Àwọn onímímọ̀ wo ọ̀rọ̀ "nítorí àtirẹwà" yẹn dáadáa, wọ́n sì fi ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Ẹni tí imú rẹ̀ pé, tó ń mí dáadáa, àmọ́ tó fẹ́ kó rí ṣóńṣó bíi ti òṣèré kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí àrùn gba imú lọ́wọ́ rẹ̀, ìwòsàn ló ń wá. Ní ọdún 2007, ìgbìmọ̀ onímímọ̀ fíkì lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, OIC, jókòó ní Putrajaya ní orílẹ̀-èdè Malaysia lórí iṣẹ́ abẹ irú èyí. Ibi tí wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé ó tọ́ láti tún àbùkù tí a bí mọ́ni ṣe, àti èyí tí àìsàn, jàǹbá tàbí iná fà. Èyí tí wọ́n kọ̀ ni kí èèyàn tí ara rẹ̀ pé máa gé e kiri nítorí fáàrí.

Ọ̀nà ti là. Ẹ jẹ́ ká wá wo àrùn tó ń jẹ imú, ká sì wo bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Ẹ̀tẹ̀ ni àwọn àgbà máa kọ́kọ́ rántí. Kòkòrò rẹ̀ fẹ́ràn ibi tó bá tutù lára, inú imú sì wà lára irú ibẹ̀. Láti inú ló ti ń ba eegun rírọ̀ tó gbé imú ró jẹ́, tí igi imú á fi wọlé bí òrùlé tí òpó rẹ̀ ti jẹrà, bẹ́ẹ̀ awọ òde lè wà níbẹ̀ láìsí egbò kankan. Oògùn ẹ̀tẹ̀ wà, láti ọdún 1995 ló sì ti jẹ́ ọ̀fẹ́ káàkiri ayé. Ẹni tó bá tètè lò ó, imú rẹ̀ kò ní wọlé rárá.

Jẹjẹrẹ awọ náà ń jẹ imú. Oòrùn ló sábà máa ń fà á, nítorí imú ló yọ síta jù lójú. Àwa aláwọ̀ dúdú ní ààbò díẹ̀ lára, ṣùgbọ́n àwọn àfín tó wà láàárín wa kò ní in. Egbò kékeré tó kọ̀ tí kò jiná ní orí imú tàbí etí ọmọ àfín, ẹ má fi ṣeré, ẹ má sì máa fi àgbo tàn án. Ọmọ àfín nílò fìlà tó ní etí gbòòrò, aṣọ alápá gígùn, àti ibòji. Ìbòrí àwọn ọmọbìnrin wa ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún orí àti ọrùn, àmọ́ kò bo imú, nítorí náà kí wọ́n dé fìlà sórí rẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ sínú oòrùn.

Èyí tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fi etí sílẹ̀ gbọ́ jù ni nómà. Orúkọ yẹn wá láti èdè Gíríìkì, ó sì jọ mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe kí ẹran máa jẹko. Bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ koríko lọ láìgbójú sókè ni àrùn yìí ṣe ń jẹ ojú ọmọdé. Àwọn ọmọ ọdún 2 sí 6 ló sábà máa ń mú, pàápàá ọmọ tí kò róúnjẹ gidi jẹ, tí èèyi tàbí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò sì mọ́.

Inú èrìgì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Èrìgì ọmọ á wú, á pọ́n, á máa ṣẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá kàn án, lẹ́yìn náà egbò á yọ níbẹ̀, ẹnu á sì máa rùn gidigidi. Ọmọ á máa dá itọ́, kò ní fẹ́ jẹun. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ètè lápá kan á wú. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ibẹ̀ á dúdú, ẹran ibẹ̀ á kú, á sì já bọ́. Ó lè mú ètè lọ, ó lè mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ó lè mú imú lọ tòun ti eegun òkè ẹnu. Bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni gbogbo ìparun yìí ń gbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 100 tí wọn kò bá tọ́jú, ó lè tó 90 tí yóò kú. Àwọn tó yè ni à ń rí lẹ́yìn náà pẹ̀lú ihò lójú, tí ẹnu wọn kò sì ṣe é yà mọ́ nítorí pé àpá ti dè é pa.

Nómà kì í ràn. Ọmọ tó ní in kò lè kó o ran àbúrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá a jẹun nínú àwo kan náà kò ní kó o. Kì í sì í ṣe èpè. Àwọn ará Yúróòpù mọ̀ ọ́n dáadáa láyé àtijọ́, àwọn ọmọ tálákà wọn ló ń pa. Nígbà tí oúnjẹ dé ilé tálákà, ó pòórá lọ́dọ̀ wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó tún yọjú ní àgọ́ Auschwitz àti Bergen-Belsen, níbi tí ìjọba Násì ti ń fi ebi pa èèyàn. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ayé ni, a kò mọ ayé tó máa rìn dé àgọ́ ebi ní Yúróòpù lọ ṣe é. Ebi àti ìdọ̀tí ẹnu ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní oṣù December ọdún 2023, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ṣáájú àwọn orílẹ̀-èdè tó bẹ̀bẹ̀ fún un, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi nómà sínú ìwé àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì, kí owó àti ìwádìí lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ẹnu ọmọ yín. Ànábì wa fẹ́ràn orín rírun tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní bí kì í bá ṣe pé yóò nira fún wa ni, òun ìbá pa á láṣẹ ní gbogbo ìgbà ìrun. Ọmọ tí eyín ti yọ lẹ́nu rẹ̀ ti tó ẹni tí ìyá ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tàbí aṣọ mímọ́ nu èrìgì rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọmọ tí èèyi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ni kí ẹ máa wò jù: ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ohunkóhun tó bá lágbára tí owó ká ni kẹ́ ẹ fún un. Bí ẹ bá rí èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tó sì ń rùn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Oògùn apakòkòrò tí dókítà kọ, omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n á fi máa fọ ẹnu, àti oúnjẹ gidi, wọ́n lè dá a dúró síbẹ̀ kó má jẹ ojú rárá. Iye tí oògùn yẹn máa náni kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí imú ṣe rí ná. Bí ẹ bá fi ìka méjì mú etí ihò imú yín, ìpele mẹ́ta lẹ dì mú: awọ òde, eegun rírọ̀ tó ń jẹ́ kó dúró, àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tutù, tó tẹ́ inú rẹ̀. Dókítà tó fẹ́ kọ́ imú tuntun gbọ́dọ̀ wá nǹkan dípò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá fi awọ òde nìkan bo ihò náà, kì í pẹ́ tí awọ yẹn á fi sún kì, tí á ká jọ, tí ihò imú á dí. Bó bá fi eegun síbẹ̀ tí kò sí awọ nínú, kòkòrò á wọnú eegun, iṣẹ́ náà á bàjẹ́. Imú ẹlẹ́tẹ̀ lọ́tọ̀ díẹ̀ nínú èyí: awọ òde ṣì lè wà níbẹ̀, òpó àti awọ inú ni wọ́n ń wá fún un.

Eegun rírọ̀ ni wọ́n sábà máa ń mú láti ìhà, níbi tí egungun ìhà ti súnmọ́ àárín àyà, tàbí láti etí bí ohun tí wọ́n nílò kò bá pọ̀. Ẹni tí wọ́n mú un lára rẹ̀ kì í pàdánù ìhà, kì í sì í di adití. Awọ inú lè jẹ́ èyí tó ṣẹ́kù nínú imú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á yí padà sínú. Ti òde, bí ohun tó bàjẹ́ bá pọ̀, iwájú orí ni wọ́n ti ń mú un.

Kí ló dé tó fi jẹ́ iwájú orí? Awọ ibẹ̀ jọ ti imú, nínípọn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni ìdí pàtàkì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń gba igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, níbi tí irun òkè ojú ti bẹ̀rẹ̀, tó sì gòkè lọ sí iwájú orí. Awọ tó tóbi tó imú, bí wọ́n bá gé e kúrò pátápátá, àìrí ẹ̀jẹ̀ lè pa á kú. Nítorí náà dókítà kì í gé ìdí rẹ̀. Á gé òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n imú, á gbé e sókè, á yí i wálẹ̀, á sì rán an mọ́ ojú imú, nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì so mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè ojú tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ará ilé ti máa ń bẹ̀rù. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aláìsàn á ní ẹran kan tó rí bí okùn tó nípọn, tó ti òkè ojú wá sórí imú. Imú á wú, á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ kí i ní wọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kígbe "Háà!" sí i lójú. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni awọ náà ń ta iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sínú ojú imú, bí igi ẹ̀gẹ́ tí a gún mọ́lẹ̀ ṣe ń ta gbòǹgbò. Nígbà tó bá ti lè dá bọ́ ara rẹ̀, wọ́n á gé okùn ẹran yẹn. Ó lè jẹ́ pé kí wọ́n tó gé e gan-an, wọ́n á ti tún wọlé lẹ́ẹ̀kan láti fá awọ náà kó tín-ín-rín, kí ó lè jọ imú. Ìgbà méjì, ìgbà mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni aláìsàn máa dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí wọ́n bá ṣèlérí fún pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa parí, kó tún béèrè dáadáa.

Ojú egbò iwájú orí ńkọ́? Wọ́n á rán an pọ̀. Bí òkè rẹ̀ bá fẹ̀ jù tí kò ṣe é rán, wọ́n á fi sílẹ̀, wọ́n á máa di báńdéèjì sí i títí yóò fi pa ojú dé fúnra rẹ̀. Àpá á wà níbẹ̀. Nǹkan kékeré mìíràn tún wà tí ó ń ya àwọn aláìsàn lẹ́nu: bí nǹkan bá kan imú tuntun níbẹ̀rẹ̀, ó lè dà bíi pé iwájú orí ni wọ́n fọwọ́ kàn. Bí iwájú orí èèyàn kò bá sì gùn, tí awọ tí wọ́n mú bá kan ibi tí irun wà, irun lè hù ní orí imú. Wọ́n lè yọ ọ́. Kò yẹ kó dẹ́rù bani.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní, ilẹ̀ Íńdíà ló sì ti wá. Ìwé ìṣègùn Sushruta, tó jẹ́ ti àwọn ará Íńdíà àtijọ́, ti ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń fi awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe imú. Ní ọdún 1794, ìwé ìròyìn Gentleman's Magazine ní Lọ́ńdọ́nù gbé ìròyìn ọkùnrin kan jáde tó ń jẹ́ Cowasjee, tó ń da màlúù tó ń fa ẹrù fún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà. Àwọn ọ̀tá mú un nígbà ogun, wọ́n gé imú rẹ̀. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan fi ìda ṣe àwòṣe imú lé ojú ibẹ̀, ó tẹ́ ìda náà pẹrẹsẹ sí iwájú orí rẹ̀, ó fa ìlà yí i ká, ó sì gé awọ náà bí ìlà ṣe lọ. Dókítà kan ní Lọ́ńdọ́nù, Joseph Carpue, ka ìròyìn yìí, ó fi òkú kọ́ ọ fún ọdún púpọ̀, ó sì ṣe ti alààyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1814. Ọmọ ogun ni ẹni náà. Mẹ́kúrì tí wọ́n fún un nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀ ló ba imú rẹ̀ jẹ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń gé àwòṣe kí wọ́n tó fi abẹ kan iwájú orí.

Àkókò tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ aláìsàn, kò sì sí lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kò ku ẹyọ kan nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó kọ́ ilé tuntun lé orí ikán kò tíì ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀tẹ̀, kí oògùn parí iṣẹ́ rẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ nómà, wọ́n á jẹ́ kí egbò san, kí àpá rọ̀, kí ọmọ sanra. Ó máa ń tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn tí àrùn ti dúró, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọmọ bá kéré. Ọmọ tí párì rẹ̀ ti dì nílò ìtọ́jú ìyẹn pẹ̀lú, torí pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò yà kò lè jẹun dáadáa, ó sì nira láti kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ nígbà tí kò sí ọ̀nà tí wọ́n á gbé ọ̀pá èémí gbà. Ojú ọmọdé ṣì ń dàgbà; imú tí wọ́n ṣe fún un lè nílò àtúnṣe nígbà tó bá bàlágà. Ẹni tó ń mu sìgá gbọ́dọ̀ jáwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, torí sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, awọ tí wọ́n yí wálẹ̀ lè kú sójú rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà, kí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ ná.

Ní Nàìjíríà, ibi tí orúkọ rẹ̀ ti tàn jù fún ti nómà ni ọsibítù àwọn ọmọ onínómà ní Sókótó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1999. Láti ọdún 2014 ni àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières ti ń ràn án lọ́wọ́; àwọn oníṣẹ́ abẹ ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún, àwọn aláìsàn kò sì ń sanwó. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ máa yé ẹ̀yin òǹkàwé wa láìsí ògbufọ̀: Mulikat Okanlawon. Nómà jẹ ẹ́ lójú ní kékeré, ó sì yè é. Ó lọ sí Sókótó fún iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn èyí ọsibítù náà gbà á síṣẹ́ ìmọ́tótó. Òun àti Fidel Strub, tí nómà bá jà ní Burkina Faso nígbà èwe rẹ̀, ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ Elysium sílẹ̀ fún àwọn tó la àrùn náà já. Ojú tí ọ̀pọ̀ ìbá fi pamọ́ ni ó gbé lọ síwájú àwọn aláṣẹ ìlera àgbáyé.

Ìsìn aláìsàn ní àsìkò yìí ń kọ́ ọ̀pọ̀ lóminú, ó sì yẹ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Iwájú orí àti imú wà lára ibi tí a fi ń forí kanlẹ̀. Ẹni tí egbò wà ní iwájú orí rẹ̀, tí awọ sì so mọ́ imú rẹ̀, kò gbọdọ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí okùn ẹran yẹn bá ká tàbí tó fún, ẹ̀jẹ̀ á dúró, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Kó dúró kírun bó bá lè dúró, kó tẹ̀ ba díẹ̀ fún rùkúù, kó jókòó, kó sì tẹ̀ ba jù ìyẹn lọ díẹ̀ fún ìforíkanlẹ̀, ní ìwọ̀n tí dókítà bá gbà á láyè. Bí kò bá lè dúró, kó jókòó kí i. Bí kò bá lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ànábì ti júwe ọ̀nà yìí fún aláìsàn. Ní ti àlùwàlá, kó fọ ibi tí omi lè kàn, kó sì fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì. Bí omi yóò bá ṣe é ní jàǹbá, táyámọ́mù wà. Fífa omi símú, sunna ni nínú mádìábù Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, àlùwàlá ẹni tó fi í sílẹ̀ nítorí egbò kò bàjẹ́. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti jiná, imú tuntun náà ti di ara ojú, kó máa fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ ojú. Ẹni tí iṣẹ́ abẹ bá bọ́ sínú Ramadan fún, kó san ààwẹ̀ náà padà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ta kókó ju báyìí lọ, kí ó gbé e lọ bá àáfáà tó mọ fíkì, pẹ̀lú ohun tí dókítà sọ.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ara rẹ̀ gba iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Arúgbó tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tàbí ẹni tí wọ́n ṣì ń ṣọ́ bóyá jẹjẹrẹ rẹ̀ á padà, lè lo imú àtọwọ́dá tí wọ́n fi sílíkónì ṣe ní àwọ̀ ara rẹ̀. Arọ́pò imú Arfaja nìyẹn, àmọ́ kò ní ìwúwo irin. Ó ń bọ́ ọ lálẹ́, ó ń fọ̀ ọ́, ó sì ń nu ojú ibẹ̀ mọ́, nítorí omi inú imú kò dáwọ́ jíjáde dúró. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, yóò nílò òmíràn.

Imú tí wọ́n tún ṣe kò ní rí gẹ́lẹ́ bí èyí tí Ọlọ́hun dá. Ìlà abẹ á wà lára rẹ̀, ihò kan lè tóbi ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní in á lè mí gba ibẹ̀, yóò dáàbò bo ọ̀fun lọ́wọ́ eruku ọyẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè túbọ̀ já gaara, á sì lè wọ mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ láìsí pé ó ń wá ẹ̀yìn òpó jókòó sí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ lè béèrè ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ní ọsibítù UCH ní Ìbàdàn tàbí ti Igbóbì ní Èkó; àwọn ọsibítù ńlá tó jẹ́ ti yunifásítì lè fi yín mọ ọ̀nà bákan náà. Ẹ gba lẹ́tà láti ọsibítù àdúgbò yín kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ mú èsì àyẹ̀wò ẹran ara dání bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, àti ìwé oògùn tí aláìsàn ti lò. Bí fọ́tò ojú rẹ̀ kí àrùn tó dé bá wà nílé, ẹ mú un lọ pẹ̀lú; dókítà máa nílò rẹ̀ láti mọ bí imú náà ṣe rí tẹ́lẹ̀.